17254 lójú kọ̀ǹpútà onílé: ìbéèrè àti ìdáhùn

Fọ́tò kan ti ń kiri lórí WhatsApp ní Àkúrẹ́ láti ọjọ́ Àìkú. Kọ̀ǹpútà tí onílé kan lọ́nà Ìjọ̀kà fi ń ka mítà iná àwọn ayálégbé rẹ̀ ni wọ́n yà. Yàrá mẹ́jọ ló wà lójú rẹ̀: mẹ́fà ṣófo, 17254 wà níwájú yàrá keje, 17251 níwájú ìkẹjọ. Ohùn tó tẹ̀lé fọ́tò náà ní onílé ń fi kọ̀ǹpútà fa yúníìtì àwọn ayálégbé. Nígbà tí ẹni karùn-ún bi mí léèrè, mo gbé àpò irinṣẹ́ mi lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ síbẹ̀.

Ṣé yúníìtì ni 17254?

Rárá. Fóltì ni, wọ́n kàn kà á sódì ni.

Fóltì 17254 kẹ̀? Ṣé ilé ò ní jóná?

Ì bá ti jóná. Fóltì 230 ló wà nínú yàrá yẹn. Irú mítà yìí máa ń sọ nọ́ńbà tó ní pọ́íńtì, bíi 230.4, di kóòdù, á sì gé kóòdù náà sí méjì kó tó fi í ránṣẹ́. Á fi apá àkọ́kọ́ sínú àpótí kan, á fi apá kejì sínú èyí tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ so àpótí méjèèjì pọ̀ kó tó túmọ̀ wọn. Ẹni tó ṣètò kọ̀ǹpútà onílé yìí ṣí àpótí kan ṣoṣo, ó sì ka ohun tó bá níbẹ̀ bí ẹni ń ka owó.

Bí iná bá jẹ́ 230, 17254 ló máa ń wà nínú àpótí àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ 231, á di 17255. Bó bá jẹ́ 220, á di 17244. Ẹ yọ 17024 kúrò, fóltì yín á jáde. Yàrá ìkẹjọ tó ní 17251, 227 ló ń gbà. Láti 128 títí dé 255 nìkan ni ìṣirò yìí ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí iná àdúgbò yín bá ń wá nísàlẹ̀ 128, kọ̀ǹpútà kọ́ ni ìṣòro yín.

Ṣé kọ̀ǹpútà lè fa yúníìtì jáde nínú mítà?

Oríṣi mítà méjì ló wà nílé yẹn, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Mítà NEPA (láti 2005 ni orúkọ yẹn ti kúrò nílẹ̀, àwa la ò jẹ́ kó lọ) ni à ń tẹ token oní-nọ́ńbà 20 sí. Inú rẹ̀ ni yúníìtì wà. Àwọn kéékèèké mẹ́jọ tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ jẹ́ ti onílé. Wọ́n kàn ń ka iye iná tó kọjá sí yàrá kọ̀ọ̀kan ni, kò sí yúníìtì nínú wọn tí ẹnikẹ́ni lè fà. Kọ̀ǹpútà á béèrè, mítà á dáhùn. Lóòótọ́, nǹkan díẹ̀ wà tí kọ̀ǹpútà lè yí padà nínú wọn, bíi nọ́ńbà tí mítà ń jẹ́, àwọn mítà kan sì wà tí a lè dá kíkà wọn padà sí òdo. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ìmọ̀ràn kan fún ayálégbé nísàlẹ̀.

Kí ló dé tí yàrá mẹ́fà ṣófo?

Èyí ló dùn mọ́ mi jù. Waya méjì péré, A àti B, ló gba ọ̀dọ̀ mítà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kọjá lọ bá kọ̀ǹpútà. RS-485 ni wọ́n ń pe irú ìsopọ̀ yìí, ó sì lè gùn tó 1,200 mítà (mítà tí a fi ń wọn ilẹ̀ ni mo wí). Modbus ni èdè tí wọ́n ń sọ lórí rẹ̀, láti 1979 ló ti wà. Mítà kì í dá ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀, àfi bí kọ̀ǹpútà bá pe orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà láti 1 dé 247 sì ni orúkọ náà.

Inú páálí ni mítà wọ̀nyí ti ń jẹ́ 1, gbogbo wọn. Ọmọkùnrin tó so wọ́n sọ ọ̀kan di 7, ó sọ ọ̀kan di 8, ó ní òun ń bọ̀. Wọn ò rí i mọ́. Ẹ wo agboolé tí ọkùnrin mẹ́fà ti ń jẹ́ Bàbá Ìbejì, kí ẹnì kan wá dúró lójúde kó ké pe Bàbá Ìbejì. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo lásán lolúwarẹ̀ á gbọ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà gbọ́ nìyẹn. Ó yẹ ìṣirò àyẹ̀wò tó máa ń parí ọ̀rọ̀ mítà wò, kò bára mu, ó da gbogbo rẹ̀ nù. Nígbà tó sì pe 2, 3, 4, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo tú gbogbo wọn kúrò lórí waya, mo ń so wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń sọ wọ́n lórúkọ bí ẹni ń ṣe ìkómọjáde.

Ṣé gbogbo wọn wá dáhùn?

Ó ku yàrá kẹta. Waya A ló wà lójú B. Mo pààrọ̀ wọn, ó fọhùn. Àṣìṣe yìí kì í ba mítà jẹ́, àwọn tó ń ṣe mítà gan-an kò fẹnu kò lórí èwo ni A, èwo ni B. Ẹ pààrọ̀ wọn wò kẹ́ ẹ tó ra mítà tuntun.

Bí ẹyọ kan ò bá dáhùn rárá ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iná wà. Mi ò ṣàwàdà o. Iná tí irú mítà yìí ń kà náà ló ń jẹ. Bí NEPA bá mú iná lọ, mítà á yadi, laptop á sì máa fi bátìrì rẹ̀ ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Wọ́n mú iná lọ nígbà tí mo dé yàrá karùn-ún. Mo ti ń tú waya palẹ̀ kí ìyá tó ń dín àkàrà lójúde tó sọ fún mi.

Bí iná bá wà, ẹ wo ìyára ọ̀rọ̀ wọn. Bí mítà bá ń sọ̀rọ̀ ní 2400 tí kọ̀ǹpútà ń fetí sílẹ̀ ní 9600, wọn ò lè gbọ́ra wọn yé. Parity, àmì àyẹ̀wò kékeré tó ń bá ọ̀rọ̀ wọn rìn, náà gbọ́dọ̀ bára mu.

Ṣé ó lè jẹ́ ayédèrú ni USB tí wọ́n fi so waya A àti B mọ́ kọ̀ǹpútà?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2014, FTDI, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣípù inú irú USB bẹ́ẹ̀, gbé sọ́fítíwià kan jáde tó ń sọ ayédèrú irú ẹ̀rọ wọn di òkú, ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ayédèrú ni. Bí ẹ bá ní USB méjì, ẹ so A mọ́ A, B mọ́ B, kẹ́ ẹ tẹ ọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan. Bó bá jáde lórí èkejì, ẹ fi USB sílẹ̀, ẹ yẹ ibòmíràn wò.

Ṣé mo lè so laptop mọ́ mítà NEPA?

Ẹ má dán an wò. Ojú kékeré tó wà níwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ló wà fún. Bí ẹ bá sì já èdìdì mítà tàbí tí ẹ tọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ Òfin Iná Mànàmáná ti 2023.

Ṣé waya A àti B lè gbé èèyàn?

Iná ara wọn kò tó nǹkan. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni ibi tí 230 ń gbà wọlé wà, nǹkan bí ìbú ìka kan sí wọn. Ẹ pa iná láti orísun kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ayálégbé ni mí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ẹ wo ojú mítà yín fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà tí kWh wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó san owó lé lórí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù tó tẹ̀lé e, kẹ́ ẹ yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò. Bí ti onílé bá yàtọ̀ sí i, ẹ gbé fọ́tò síwájú rẹ̀.

Onílé ti gbà kí wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, kí yàrá kọ̀ọ̀kan máa kọ tirẹ̀ sí i. Ará yàrá keje ló kọ́kọ́ kọ: 412.6. Ó wojú mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé fóltì kọ́ nìyí?”