Kí ẹ tó gé trailer fíìmù abanilẹ́rù: kí lẹ máa bi òǹwòran?

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ya fíìmù ní Kábà, Mọ̀pà àti Ìsánlú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ló sábà máa ń bi mí ní irú ìbéèrè wọ̀nyí nípa fíìmù abanilẹ́rù àti trailer rẹ̀, ìyẹn fídíò kúkúrú tí wọ́n fi ń polówó fíìmù.

Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń mú kí èèyàn fi owó ara rẹ̀ ra ẹ̀rù?

Orí rẹ̀ mọ̀ pé ìwin kankan kò lè jáde látinú tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ ara rẹ̀ kò mọ̀. Àyà á máa lù kìkìkì, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn. Láti 1971 ni ọ̀mọ̀wé Dolf Zillmann ti ń ṣàlàyé pé ara tó bá ti gbóná báyìí kì í tètè rọlẹ̀, ìmọ̀lára tó bá tẹ̀ lé e ló máa ń gba agbára rẹ̀. Tí ẹni inú fíìmù bá wá bọ́ lọ́wọ́ ewu, ayọ̀ òǹwòran á kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ ti gbọ́ ọ rí: igbe kan, lẹ́yìn náà ẹ̀rín gbogbo ilé.

Ṣé bí ẹ̀rù bá ṣe pọ̀ tó náà ni adùn á ṣe pọ̀ tó?

Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2020 láti Denmark, wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù mọ́ èèyàn 110 lára, wọ́n ní kí wọ́n rìn gba inú ilé tí àwọn òṣèré ti ń dẹ́rù bani. Ẹni tí ẹ̀rù kò bà tó kò gbádùn ún, ẹni tó bà jù náà kò gbádùn ún. Àárín ni adùn wà. Ẹ̀yin lẹ máa wá ibi tí àárín yẹn wà fún àwọn tí ẹ ń ṣe fíìmù fún, torí tọmọ yunifásítì kọ́ ni ti ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà Kábà.

Ṣé ká kúkú kó ìran tó burú jù sínú trailer?

Ẹ má dán an wò. Ẹni tó ti rí ojú ìwin lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló tún fẹ́ wá wò? Ilẹ̀kùn ń ṣí, ẹni tó yẹ kó sá kò sá: ẹ gé e síbẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ti fi òǹwòran fúnra wọn polówó. Nǹkan bíi dọ́là 15,000 ni wọ́n fi ya fíìmù abanilẹ́rù kan ní Amẹ́ríkà, Paranormal Activity. Nígbà tó fẹ́ wọ sinimá Amẹ́ríkà ní 2009, trailer rẹ̀ ń fi àwọn èèyàn hàn nínú òkùnkùn gbọ̀ngán, tí wọ́n ń fò lórí ìjókòó, tí wọ́n ń bojú. Ó wù mí kí ẹ ṣe irú ẹ̀, àmọ́ ẹ gbàyè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ bá yà.

A ti fi fíìmù náà han àwọn èèyàn, gbogbo wọn ní ó dára. Kí ló tún kù?

Gbogbo iṣẹ́ ló kù. Ẹ pè wọ́n, ẹ fún wọn ní mínírà; ta ni yóò wò yín lójú kó ní iṣẹ́ yín kò dáa? Tí bàbá kan bá sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tó bá sọ náà ni gbogbo ilé á sọ. Torí náà, ẹ wo ara wọn kí ẹ tó gbọ́ ẹnu wọn. Ẹ gbé fóònù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n kó máa ya ojú wọn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ó ń yà wọ́n. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbàgbé rẹ̀. Ta ló fa ẹsẹ̀ sórí àga? Ta ló fi ìborùn bo ẹnu? Ta ló ń tẹ fóònù? (Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló burú jù.) Mo rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó búra pé nǹkan kan kò ba òun lẹ́rù. Nínú fídíò, láti ìgbà tí iná ti lọ nínú fíìmù náà ló ti di apá àga mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí igbe àkọ́kọ́ fi dún. Àwọn míì kọ́kọ́ rò pé NEPA gidi ló mú un. Ibi tí iná ti lọ yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ trailer.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn. Ẹ ní: “Níbo lẹ ti fẹ́ dìde?” “Tẹ́ ẹ bá délé, báwo lẹ ṣe máa sọ ọ́ fún àbúrò yín?” Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn bá fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ni kí ẹ fi fa ojú. Èyí tí wọ́n bá rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ, ẹ fi pamọ́ fún fíìmù gan-an.

Àwọn wo ni ká pè?

Kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín nìkan. Láti 1908 ni àwọn míṣọ́nnárì SIM (Sudan Interior Mission) ti wà ní Ègbè, nílẹ̀ Yàgbà, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ló sì jẹ́ pé eré ìgbàgbọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà wọ́n, irú èyí tí ẹgbẹ́ eré Mount Zion tí Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ ní 1985 ń ṣe. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé bí ẹ̀mí àìmọ́ bá yọjú, àdúrà ń bọ̀ lẹ́yìn. Trailer tó bá kún fún oògùn àti ojúbọ láìsí ẹni tó máa dojú kọ ọ́, wọ́n á ní ẹ ń polówó oògùn ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ẹni tó ń jà náà fìrí; ẹ má fi hàn bóyá ó ṣẹ́gun.

Aṣọ pupa la fẹ́ fi ṣe àmì ẹ̀jẹ̀. Ṣé kò burú?

Ní Bùnú, nítòsí Kábà, aṣọ ìpò pupa ni àwọn ọkùnrin máa ń hun láyé àtijọ́ fún ìsìnkú ìjòyè, egúngún náà sì ń lò ó. Ẹni tó dàgbà síbẹ̀ á rí ọlá kó tó rí ẹ̀jẹ̀, ó sì lè bínú. Ẹ fi ìran náà han àgbàlagbà Bùnú kan kí ẹ tó gbé e síta. Ti egúngún, ẹ má ya gidi rárá.

Kọ̀ǹpútà la fi gé e, ohùn rẹ̀ sì ń mi ilé. Ṣé ó ti tó?

Ẹ gbọ́ ọ lórí fóònù kékeré. Ohùn ìsàlẹ̀ tó ń kù bí ààrá, spíkà fóònù kì í gbé e jáde, bẹ́ẹ̀ orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ti wò ó, nínú ọkọ̀ Lọ́kọ́ja tàbí nítòsí jẹnẹrétọ̀. Ohùn tó han tó sì ya ni fóònù ń gbé dáadáa, òun náà ló sì ń ta ara jí: Daniel Blumstein, onímọ̀ ẹranko, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní 2010 pé fíìmù abanilẹ́rù máa ń lo ohùn tó jọ igbe ẹranko tí ewu ká mọ́. Tí ẹ bá tún ohùn náà ṣe tán, àwọn tí kò tíì rí fíìmù náà ni kí ẹ pè, kí wọ́n gbọ́ ọ lórí fóònù tiwọn. Àwọn tàkọ́kọ́ ti mọ ibi tí igbe wà.