Baba ìsàlẹ̀ nínú ìṣèlú Nàìjíríà

Baba ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹni tí kò sí nípò ìjọba, àmọ́ tó ń fi owó, ẹnu àti èrò ẹ̀yìn rẹ̀ gbé ẹlòmíràn dé ipò, tó sì ń retí pé kí ẹni náà máa gbọ́ tòun lẹ́yìn ìbúra. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èébú látilẹ̀wá. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ṣì ń fi àgbà tó ń dúró tì wọ́n joyè Baba Ìsàlẹ̀. Ní Ìbàdàn ayé ogun, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìlú tó wà lábẹ́ Ìbàdàn máa ń ní baba kékeré láàárín àwọn ìjòyè, ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aláṣẹ, tó sì ń jẹ nínú ohun tí wọ́n bá gbé wá sin Ìbàdàn. Inú òṣèlú ni orúkọ baba ìsàlẹ̀ ti wá korò.

Ìṣirò owó rẹ̀

Fún ìdìbò ọdún 2023, 50 mílíọ̀nù náírà ni ẹgbẹ́ APC ta fọ́ọ̀mù fún ẹni tó bá fẹ́ du ipò gómìnà. Ti ààrẹ jẹ́ 100 mílíọ̀nù. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 sì gbà kí olùdíje gómìnà ná tó bílíọ̀nù kan náírà lórí ìpolongo. Owó oṣù gómìnà ńkọ́? Láìka àjẹmọ́nú, nǹkan bíi 2.2 mílíọ̀nù náírà lọ́dún ni òfin ọdún 2008 kọ sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ gbáko lórí àga kò lè san owó fọ́ọ̀mù nìkan padà.

Ẹni tó bá wá bá olùdíje san owó yìí kì í sábà kà á sí ọrẹ. Ó máa ń béèrè pé kí òun mú orúkọ àwọn kọmíṣánnà àti alága ìjọba ìbílẹ̀ wá, kí iṣẹ́ kọngílá kan àwọn èèyàn òun, kí òun sì ní ìpín nínú owó ètò ààbò, ìyẹn owó tí gómìnà ń ná lóṣooṣù láìsí ẹni tó ń yẹ ìwé rẹ̀ wò. Orí owó ààbò yìí ni ìjà ti sábà máa ń bẹ́.

Sáà kìíní ni okùn náà ti máa ń le jù, torí gómìnà ṣì nílò tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní Èkó, Akinwunmi Ambode, tó di gómìnà ní 2015, kò rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà fún sáà kejì lẹ́yìn tí Bola Tinubu àti àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti kọ̀yìn sí i. Babajide Sanwo-Olu ló borí nínú ìdìbò abẹ́lé oṣù Kẹwàá 2018.

Adedibu àti Ladoja

Ìbàdàn ni àpẹẹrẹ tó hàn gbangba jù lọ wà. Lamidi Adedibu (1927–2008) ti wà nínú òṣèlú láti ayé Action Group, ẹgbẹ́ Obafemi Awolowo. Láràárọ̀ ni èrò máa ń kún ilé rẹ̀ ní Mọ̀lété: àmàlà ń bọ̀ látorí iná, ẹni tó bá jẹun tán tún lè gba owó díẹ̀ kó tó lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òṣèlú àmàlà pè é.

Ní 2003, àtìlẹ́yìn rẹ̀ wà lára ohun tó gbé Rashidi Ladoja ti PDP wọlé gẹ́gẹ́ bíi gómìnà Ọ̀yọ́. Kò pẹ́ tí ìjà dé. Adedibu fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé 65 mílíọ̀nù náírà ni gómìnà ń gbà lóṣooṣù fún ètò ààbò, pé 15 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ ló yẹ kó máa wá sọ́dọ̀ òun, àti pé Ladoja yẹ àdéhùn. Kò fi bò rárá. Lójú tirẹ̀, gbèsè ló ń sìn.

Aṣòfin 32 ni Ọ̀yọ́ ní. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2005, 18 nínú wọn lọ jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì D'Rovans ní Ring Road, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ ìwé ẹ̀sùn sí gómìnà. Àwọn 14 tó kù, tó fi mọ́ olórí ilé, wà lẹ́yìn Ladoja. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kínní 2006, àwọn 18 náà kéde pé àwọn ti yọ ọ́ nípò, Adebayo Alao-Akala tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ sì gorí àga. Àmọ́ abala 188 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣòfin fọwọ́ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, èèyàn 22 sì nìyẹn nínú 32. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn wọ́gi lé ìyọnípò náà ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2006, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fara mọ́ ọn ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá.

Ladoja padà sórí àga, ṣùgbọ́n kò rí tíkẹ́ẹ̀tì PDP gbà fún 2007. Alao-Akala ló gbà á, ó sì wọlé. Kamorudeen, ọmọ Adedibu, di sẹ́nétọ̀ lọ́dún kan náà. Ní 2025 ni Ladoja gorí ìtẹ́ Olúbàdàn.

Ìbúra àti òfin

Ní Anambra, àwọn tó gbé gómìnà wọlé fẹ́ ohun tó le ju àdéhùn ẹnu lọ. Ọ̀rọ̀ ìbúra níwájú òrìṣà Okija wọ inú ìjà gómìnà Chris Ngige àti Chris Uba, ẹni tó ṣe baba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 2003, ọlọ́pàá gbé Ngige kúrò ní ọ́fíìsì, wọ́n sì ka lẹ́tà kan nílé aṣòfin tó sọ pé ó ti fipò sílẹ̀. Kò lọ nígbà yẹn. Ilé-ẹjọ́ ló yọ ọ́ ní 2006, tí wọ́n ní Peter Obi ló wọlé.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò gbà kí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ara rẹ̀ síbi tí èrè tirẹ̀ yóò ti kọlu iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ló gbà fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọba ní kíkún láti fi kún iṣẹ́ wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kéde dúkìá wọn. Baba ìsàlẹ̀ tó jókòó sílé kò sí lára àwọn tí òfin yìí ń bá wí, nítorí kò bá ìjọba búra ohunkóhun.

Kwara

Ní Ìlọrin, ìdílé Saraki ni agbára yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Olusola Saraki wà lẹ́yìn àwọn gómìnà láti 1979, títí kan ọmọ rẹ̀ Bukola ní 2003. Ní 2011 bàbá fẹ́ kí Gbemisola, ọmọ rẹ̀ obìnrin, di gómìnà. Bukola gbé Abdulfatah Ahmed kalẹ̀, Ahmed ló sì wọlé, tí ọmọ fi borí bàbá. Ní 2019 àwọn olùdìbò pariwo "Ó tó gẹ́", Bukola, tó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà náà, sì pàdánù ìjókòó rẹ̀. Ní oṣù Kínní 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ náà wó Ilé Arúgbó, ibi tí àwọn àgbàlagbà ti máa ń wá gba oúnjẹ àti owó lọ́wọ́ ìdílé náà.