Wọ́n ní ọkàn akin nìkan ló ń gbani lọ́wọ́ sìgá

Aago mọ́kànlá alẹ́ ku díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Bọ̀dá mi ni. Mo kí wọn, wọn ò dá mi lóhùn. Omi tó ń dà àti abọ́ tó ń kan ara wọn nìkan ni mò ń gbọ́. Mo mọ ohun tó dé, nítorí náà mi ò béèrè nǹkan kan. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mò ń ká aṣọ mi lọ. Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú 6, wọ́n ti omi pa, wọ́n ní, “Ẹni yẹn ti lọ.” Mo ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, bọ̀dá mi. Ó dàárọ̀.” Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ti fi sìgá sílẹ̀, lẹ́yìn ọdún 26 tí wọ́n ti ń fà á.

“Ẹni yẹn” ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí sìgá bá ń pè wọ́n, tí ẹnu ń yún wọn, tí ara ò gbà.

Ní gbogbo ọdún 26 yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ní fún wọn: “Ẹ ṣọkàn akin.” Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni ìgbàgbọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ lóòótọ́ á fi í sílẹ̀, ẹni tí kò bá sì rí i fi sílẹ̀, kò tíì fẹ́ ni. Pé ọ̀rọ̀ ọkàn ni, kò kan ẹlòmíì. Pé ẹni tó ń wá ẹni tí yóò ran òun lọ́wọ́ kò lágbára. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irọ́ ni, ó sì ti dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró sídìí sìgá ju bó ṣe yẹ lọ.

Níkótíìnì ni orúkọ ohun tó wà nínú ewé tábà tó ń múni lẹ́rú. Téèyàn bá fa èéfín sínú, kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 lọ tí níkótíìnì fi ń dé ọpọlọ. Níbẹ̀ ló ti ń rọ̀ mọ́ àwọn ibi kéékèèké kan tó ń gbà á mọ́ra, ọpọlọ á sì tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine jáde, ara á fúyẹ́, ọkàn á balẹ̀. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, kò ní le tó báyìí. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, àwọn ibi kéékèèké yẹn ń pọ̀ sí i nínú ọpọlọ ẹni tó ń fa sìgá, gbogbo wọn ló sì ń lanu. Ìdajì níkótíìnì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ń tán láàárín nǹkan bíi wákàtí 2. Bó bá ti ń lọ sílẹ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ẹni náà á tún tanná ran òmíràn, ara á rọlẹ̀, á sì máa rò pé sìgá ló ń tu òun lára. Wàhálà tí sìgá fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ náà ni sìgá ń parí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ń mu páálí kan lóòjọ́, ìyẹn ẹyọ 20, tó sì ń fa ẹyọ kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́wàá, ìgbà 200 ló ń rán níkótíìnì sí ọpọlọ rẹ̀ lójúmọ́ kan. Ní ọdún 26, ó ti sún mọ́ ìgbà mílíọ̀nù 2. Ohun tí ọpọlọ ti kọ́ nígbà mílíọ̀nù 2 ni à ń sọ fún èèyàn pé kó fi ọkàn akin nìkan gbàgbé. Lọ́dún 1988, C. Everett Koop, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà lórí ọ̀rọ̀ ìlera ní Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde tó là á mọ́lẹ̀ pé níkótíìnì ń di bárakú, àti pé ọ̀nà tó ń gbà di bárakú jọ ti heroin àti kokéènì. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ṣì ń pe ọ̀rọ̀ yìí ní àìlọ́kàn ń ṣàìdáa sí aláìsàn ni.

Bí èèyàn bá dáwọ́ dúró, ìnira á bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Inú á máa bí i lórí ohun tí kò tó nǹkan, oorun ò ní wọra, kò ní lè pọkàn pọ̀, ebi á sì máa pa á ṣáá. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló sábà máa ń le jù. Tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti rọlẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé ẹni tó ti pẹ́ nídìí sìgá, bó bá já a lójijì, ó lè kú. Rárá o. Ó ń nini lára, ṣùgbọ́n kì í pani. (Ọtí líle ló yẹ kí ẹni tó ti di bárakú fún rí dókítà kó tó já a lójijì, sìgá kọ́.) Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde lọ́dún 2016, pín èèyàn 697 sọ́nà méjì: àwọn kan já a lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn yòókù ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó já a. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó já a lẹ́ẹ̀kan náà ni kò tíì padà sí i, nígbà tó jẹ́ ìdá 39 lára àwọn tó ń dín in kù. Ẹ má gbàgbé pé àwọn méjèèjì ló ní ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ déédéé, tó sì ń fún wọn lóògùn. Kò sí ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ lóun nìkan lára wọn.

Ohun tí bọ̀dá mi ń pè ní “ẹni yẹn” kì í pẹ́ bó bá dé. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 ni lọ́pọ̀ ìgbà, nígbà míì ó lè tó 10. Ẹni tó ń bá a jà kì í mọ̀ bẹ́ẹ̀; lójú tirẹ̀, kò ní í tán láéláé. Ìdí rèé tí ẹnì kejì fi wúlò. Kò nílò ọgbọ́n kankan. Kó ṣáà wà níbẹ̀ títí ìṣẹ́jú yẹn á fi kọjá.

Sìgá kì í gbé inú ẹ̀jẹ̀ nìkan, ó ń gbé inú ohun tí ọwọ́ mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí ara ti ń balẹ̀, mo jókòó ti bọ̀dá mi lẹ́yìn oúnjẹ. Ọwọ́ ọ̀tún wọn gbéra fúnra rẹ̀, ó lọ sí àpò àyà ẹ̀wù wọn. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Àwọn ìka náà dúró sẹ́nu àpò, bí ẹni tó wọ yàrá tó gbàgbé ohun tó wá mú. Wọ́n rí i pé mo rí i. Mo gbé ife omi lé wọn lọ́wọ́, a sì ń bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Àwọn onímọ̀ méjì kan, Nicholas Christakis àti James Fowler, lọ tú àkọsílẹ̀ ìlera ìlú Framingham ní Massachusetts, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń tọpa ìlera àwọn ará ìlú láti ọdún 1948. Èèyàn 12,067 ni wọ́n yẹ̀ wò, láti ọdún 1971 sí 2003, wọ́n sì wo ẹni tó fẹ́ ẹni, ẹni tó bá ẹni ṣọ̀rẹ́ àti ẹni tó bá ẹni ṣiṣẹ́. Lọ́dún 2008, wọ́n ní bí ọkọ tàbí aya bá fi sìgá sílẹ̀, bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ẹnì kejì á ṣì máa mu ún ń dín ní ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ ló fi í sílẹ̀, ìdá 36. Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ kékeré, ìdá 34. Ọmọ ìyá, ìdá 25. Èyí tó mú mi dúró ronú jù ni pé agbo agbo ni àwọn èèyàn náà ń fi í sílẹ̀, àwọn tó ṣẹ́ kù nídìí rẹ̀ sì ń bọ́ sí etí àwùjọ, àwọn èèyàn ń jìnnà sí wọn. Ẹni tó nílò èèyàn jù wá ni èèyàn ń sá fún.

Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ pé nínú ìgbìyànjú 100 tí kò ní ìrànlọ́wọ́, nǹkan bí 4 ló ń yọrí sí rere. Ìmọ̀ràn ẹni tó mọ iṣẹ́ pẹ̀lú oògùn lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ o, ìrànlọ́wọ́ àti ìyọnu kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, mo sì fẹ́ kí àwọn ará ilé fetí sí èyí dáadáa. Àwọn tó ṣèwádìí láàárín tọkọtaya rí i pé ibi tí ìyìn bá ti ju àtakò àti ìṣọ́lọ́wọ́-ṣọ́lẹ́sẹ̀ lọ ni ẹni tó fi sìgá sílẹ̀ ti máa ń pẹ́ kó tó padà sí i. Nílé tiwa, ìyá wa á ní, “Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń kọ́lé, ìwọ ń dáná sun owó.” Èmi náà jẹ̀bi: bí bọ̀dá mi bá wọlé, màá sún mọ́ wọn bí ẹni fẹ́ kí wọn, kí n lè gbóòórùn aṣọ wọn. Wọ́n mọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa sì ń lé wọn lọ náà ni ẹ̀yìnkùlé, láti lọ tanná ran òmíràn. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì nìkan ni àwa ń lò.

Ohun tó yí i padà ni ìbéèrè kan. Mo bi wọ́n pé, “Aago wo ló máa ń le jù?” Wọ́n ronú pẹ́, wọ́n ní, “Bí gbogbo ilé bá ti sùn.” A bá ṣàdéhùn pé kí wọ́n máa pè mí nígbà yẹn, kò pọn dandan kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ìyàwó wọn fọ gbogbo kọ́tìnì ilé, wọ́n kó láítà àti àwo eérú jù nù. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí òun ṣì ń mu ún, ní òun á máa lọ mu tòun níbi tí wọn ò ti ní rí òun.

Dókítà tún fún wọn ní oògùn tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, tó ń tú níkótíìnì díẹ̀díẹ̀ sára láìsí èéfín. Ṣingọ́ọ̀mù oníníkótíìnì wà, oògùn oníhóró náà wà, bíi varenicline, bupropion àti cytisine, gbogbo wọn ló sì wà nínú ìtọ́sọ́nà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2024. Ẹni tó lóyún tàbí tó ní àìsàn míì gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ ọ́ kó tó lo èyíkéyìí.

Ẹnì kan á ní ẹ̀pa ò bóró mọ́, pé sìgá ti ba ohun tó máa bà jẹ́. Èyí náà kì í ṣe òótọ́. Lọ́dún 1951, Richard Doll àti Austin Bradford Hill bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti mọ ohun tí sìgá ń ṣe fún wọn. Èsì àádọ́ta ọdún jáde lọ́dún 2004. Àwọn tó mu ún títí fi nǹkan bí ọdún 10 pàdánù lára ẹ̀mí wọn. Ẹni tó fi í sílẹ̀ ní ẹni 60 ọdún gba nǹkan bí ọdún 3 padà. Ẹni 50, ọdún 6. Ẹni 40, ọdún 9. Ẹni 30, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Doll fúnra rẹ̀ ń mu sìgá tẹ́lẹ̀. Ohun tí ìwádìí rẹ̀ tó ṣáájú èyí fi hàn án ló mú kó jáwọ́. Ara sì kì í fi falẹ̀. Láàárín 20 ìṣẹ́jú, ìlùkìkì ọkàn ti ń wálẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ewu àrùn ọkàn ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì ti ẹni tó ṣì ń mu ún.

Lọ́jọ́ 41, ọ̀rẹ́ bọ̀dá mi kan kú. Wọ́n pè mí lọ́sàn-án, ohùn wọn ti há. “Mo ti mu ẹyọ kan.” Mo gbọ́ ìtìjú nínú ohùn àgbàlagbà tó kọ́ mi bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ “ẹ ṣọkàn akin” ti dé ẹnu mi, mo gbé e mì. Mo ní, “Mélòó ló kù nínú páálí?” Wọ́n ní, “Mọ́kàndínlógún.” Mo ní, “Ọjọ́ 40 tó kọjá kò tíì dànù, bọ̀dá mi. Omi wà nítòsí?” Mo gbọ́ tí wọ́n ṣí i, mo gbọ́ tó ń dà sórí nǹkan bébà. A ò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi ti omi náà pa.

Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Láìpẹ́ yìí, mo bi wọ́n nípa ọ̀sán ọjọ́ yẹn, pé kí ló mú kí wọ́n pè mí dípò kí wọ́n fi ìyókù páálí náà pa mọ́. Wọ́n ní, “Gbogbo alẹ́ tí mo pè ọ́, o ò bi mí rí bóyá mo ti mu ún.”