Ṣé Ìgbò ni wọ́n ń kọ ní Kétu ni?

Ọmọ àbúrò mi fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti Kétu ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ sí mọ̀lẹ́bí wa kan l'Abẹ́òkúta: "Ɛ kpɛ̀lɛ́ o, ɛ kú ishɛ́." Èsì tó dé ni pé, "Èdè wo nìyí? Ìgbò ni àbí?" A rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ àwọn èèyàn kò yé bi mí léèrè láti ìgbà náà.

Ṣé Yorùbá ni lóòótọ́?

Yorùbá pọ́ńbélé ni. Ẹ kà á sókè, ẹ ó gbọ́ "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́." Etí mọ̀ ọ́n, ojú ni kò dá a mọ̀.

Nàgó tí wọ́n ń pè wá ńkọ́?

Orúkọ wa ní Bẹ̀nẹ̀ nìyẹn. Àwa náà ni.

Kí ló wá fa "kp"?

Ẹ fọwọ́ kan ètè yín, kí ẹ pe "papa" bí àwọn Faransé ṣe ń pè é. Ètè nìkan ló ṣiṣẹ́. Ó yá, ẹ pe "pápá" tiwa: ẹ̀yìn ahọ́n ti bá ètè dá sí i. Yorùbá kò ní "p" ti Faransé rárá, lẹ́tà náà ṣófo sílẹ̀, ni àwọn Ajayi Crowther bá mú un fún ohùn tiwa. Ìpàdé kan tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe l'Ékòó ní 1875 ló wá fìdí ìkọ̀wé náà múlẹ̀.

Ní Bẹ̀nẹ̀, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn ìyẹn, ní 1975, ìjọba fẹ́ álífábẹ́ẹ̀tì kan tí Fọ̀n, Gùn, Bàrìbá, Yorùbá àti àwọn èdè yòókù yóò jọ máa lò. Ohùn kan, lẹ́tà tirẹ̀: "p" fún ti ètè nìkan, "kp" fún tiwa. Ọmọ tó ti mọ "p" Faransé nílé ìwé kò ní ṣì í pè mọ́. Bákan náà ni ɛ àti ɔ ṣe gba ipò ẹ àti ọ, tí "sh" gba ipò ṣ. Wọ́n tún un ṣe ní 1990. Ká sòótọ́, "ɔ̀kpɔ̀lɔkpɔ̀" máa ń rú èmi náà lójú.

Ṣé ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà ní 1889 ti pín èdè náà nìyẹn?

Ó pín ìwé, kò pín ẹnu. Nígbà tí UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré egúngún olórin wa, gẹ́gẹ́ bí ogún ìṣẹ̀ṣe ní 2001, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ló jọ ni ín. Ta ló ń béèrè sípẹ́lì lọ́wọ́ ẹni tó ń dá orin?

Èwo ni kí n kọ́ ọmọ mi?

Méjèèjì. Bíbélì tó ń ti Nàìjíríà wá, "p" ló wà níbẹ̀. "Kp" ni ti ìwé mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà tiwa. Ọmọ tó bá mọ ọ̀kan, ọjọ́ mélòó kan tó fún un láti mọ èkejì.

Èyí tó ń kọ mí lóminú yàtọ̀ sí lẹ́tà. Òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 1990 fi Faransé ṣe èdè ìjọba, ó sì fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lẹ́tọ̀ọ́ láti máa sọ èdè rẹ̀, kó sì máa kọ ọ́. Ta ló ń lo ẹ̀tọ́ náà? Ẹ̀gbọ́n ọmọ tó kọ "Ɛ kpɛ̀lɛ́" yẹn wà ní Kùtọnu, Faransé ló fi ń kọ̀wé sí ìyá wọn. Tó bá ti dé, àbúrò mi á gbé fóònù tọ aládùúgbò lọ, kó bá òun kà á. Èyí tí ọmọ tó wà ní Kétu bá kọ, ìyá wọn fúnra rẹ̀ ló ń kà á, á máa fìka tẹ̀ lé e lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.