Bí wọ́n ṣe ń ka jíìnì àwọn bakitéríà inú ìfun

Bí èèyàn bá jẹ iyán àti ẹ̀fọ́ rírò ní Ìkéré tàbí Ìkọ̀lé, inú ìfun kéékèèké ni púpọ̀ nínú iyán náà máa dà sí. Ṣàkì ara ẹ̀fọ́ kì í dà níbẹ̀. Ìfun ńlá ló ń bá a dé, níbi tí àwọn bakitéríà ti ń dúró dè é. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á sì fi ṣe ásíìdì kan tó ń jẹ́ butyrate, èyí tí ara ìfun fúnra rẹ̀ ń jẹ. Bí a bá gbọ́ “kòkòrò inú”, agbo jẹ̀díjẹ̀dí ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ara ẹni tó le koko ló kún fún àwọn wọ̀nyí: nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38 lára àgbàlagbà kan.

Kí wọ́n tó lè ka jíìnì wọn, inú ìgbẹ́ èèyàn ni wọ́n ti ń wá wọn. Ọ̀pọ̀ wọn ni ọ́síjìn ń pa, nítorí náà inú àpótí tí wọ́n ti lé ọ́síjìn kúrò ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà, tí ẹni tó ń ṣe é á ki ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ tó lẹ̀ mọ́ ara àpótí. Wọ́n á po ìgbẹ́ náà mọ́ omi títí á fi là, wọ́n á wá fi díẹ̀ ra orí ágà, oúnjẹ bakitéríà tó dì bí ẹ̀kọ tútù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àmì róbótó-róbótó á yọ lórí rẹ̀. Wọ́n á mú ẹyọ kan, wọ́n á tún un rà sórí ágà mìíràn, títí yóò fi dá wọn lójú pé irú kan ṣoṣo ló kù. Ìpele yìí ló ń gba sùúrù jù. Ẹ̀rọ tó ń ka DNA, okùn tín-ín-rín inú ara tí àwọn jíìnì wà lórí rẹ̀, kì í ṣe ìṣòro tó báyìí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó bakitéríà náà sínú ike kékeré pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ wínníwínní, wọ́n á sì mì ín kíkankíkan kí ara rẹ̀ lè fọ́. Bí wọ́n bá da ọtí líle sí i, DNA á yọ bí òwú funfun.

Lẹ́tà mẹ́rin ni DNA ní: A, C, G àti T. Wọ́n ń tò tẹ̀ léra wọn léraléra: ti Bacteroides thetaiotaomicron, bakitéríà inú ìfun kan tí wọ́n ka tirẹ̀ tán ní 2003, gùn ju mílíọ̀nù mẹ́fà lẹ́tà lọ. Ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ kò lè kà á lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà wọ́n á gé e sí èérún. Nǹkan bíi lẹ́tà 150 ló ń kà lórí èérún kọ̀ọ̀kan, èérún náà sì ń lọ sí mílíọ̀nù. Báwo ni wọ́n ṣe ń tò ó?

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá àgbà tó mọ oríkì ilé kan délẹ̀ ti lọ. Àwọn obìnrin-ilé ṣì wà, àmọ́ ìlà mẹ́ta-mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan rántí. Níbi tí ìparí ti ẹnì kan bá ti jọ ìbẹ̀rẹ̀ ti ẹlòmíràn, ibẹ̀ ni wọ́n á ti so ó. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wàhálà dé bí ìlà kan bá ń padà wá lẹ́ẹ̀meje nínú oríkì: èwo ló tẹ̀ lé èwo? Lára E. coli, tó ń gbé inú ìfun wa, ọ̀wọ́ jíìnì kan wà tó gùn tó nǹkan bíi 5,000 lẹ́tà, ẹ̀ẹ̀meje ló sì fara hàn. Èérún lẹ́tà 150 kò lè rékọjá rẹ̀. Ẹ̀rọ nanopore, tó lè ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà láìjá, ló ń tú u.

Bí ó bá ti tò tán, wọ́n á wá àwọn jíìnì inú rẹ̀, wọ́n á fi wé èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ ti di mímọ̀. Ti thetaiotaomicron yẹn fi hàn pé ó ní ju 150 lọ tó ń gé ṣúgà ara ewéko sí wẹ́wẹ́. Tiwa tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oúnjẹ kò tó ogún.

Ọ̀pọ̀ bakitéríà kò tíì gbà kí wọ́n hù lórí ágà rárá. Wọ́n kàn ń ka DNA inú ìgbẹ́ pọ̀ ni, kí kọ̀ǹpútà tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú àkójọ ńlá kan tó jáde ní 2020, irú tó lé ní 4,600 ló wà, ju ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò tíì sí ẹni tó mú un hù. Ṣáínà, Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ náà ti wá, níbi tí wọn kì í ti í gún iyán.