Ipa òòfà kékeré lórí ara àwọn tó bá ti òfurufú padà sí Ayé

Òòfà ilẹ̀ ni agbára tó ń fa gbogbo ohun tó wà lórí Ayé sísàlẹ̀, òun náà ló sì ń mú kí ara ènìyàn wúwo. Bí àwọn ènìyàn bá lọ tẹ̀dó sí Òṣùpá tàbí Mársì (pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń yí oòrùn po bí Ayé) gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń gbèrò, òòfà tí wọn yóò bá níbẹ̀ kò ní tó tilé: ti Òṣùpá jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ti Ayé, ti Mársì sì jẹ́ nǹkan bí ìdá 38 nínú 100, tó fi jẹ́ pé ẹni tó tẹ̀ 70 kìlógíráàmù lórí òṣùwọ̀n níhìn-ín kò ní tẹ̀ ju nǹkan bí 27 lọ ní Mársì. Àbọ̀ wá sílé lè nira ju àlọ lọ, nítorí pé egungun, iṣan àti ọkàn máa ń mọ níwọ̀n ẹrù tí wọ́n bá ń gbé.

Ara àwọn tó ti gbé nínú ọkọ̀ tó ń yí Ayé po ni wọ́n ti rí ẹ̀rí èyí. Wọ́n máa ń léfòó, kì í ṣe nítorí pé òòfà kò dé ọ̀dọ̀ wọn (ní Ibùdó Òfurufú Àgbáyé tó wà ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè, òòfà Ayé ṣì tó nǹkan bí ìdá 90 nínú 100), bí kò ṣe pé àwọn àti ọkọ̀ wọn jọ ń já bọ́ yí Ayé ká láìdúró. Egungun ìbàdí àti ti itan lè pàdánù ìdá 1 sí 1.5 nínú 100 lóṣù kan, kálísíọ̀mù tó tú kúrò lára wọn a sì gba inú ìtọ̀ jáde, èyí tó lè fa òkúta inú kíndìnrín. Iṣan ẹsẹ̀ àti ti ẹ̀yìn a máa joro. Omi ara tó yẹ kó wà lẹ́sẹ̀ a gòkè sí àyà àti orí. Ara a kà á sí pé omi ti pọ̀ jù, a sì dín ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kù. Nígbà tí onítọ̀hún bá padà dé tó sì nàró, ẹ̀jẹ̀ a ṣàn lọ sísàlẹ̀, òòyì a gbé e, ó sì lè dákú.

Ní ọdún 1970, Andriyan Nikolayev àti Vitaly Sevastyanov lo nǹkan bí ọjọ́ 18 nínú ọkọ̀ Soyuz 9, agbára káká ni wọ́n sì fi lè dìde dúró nígbà tí wọ́n balẹ̀. Valeri Polyakov, tó lo ọjọ́ 437 ní ibùdó òfurufú Mir ti Rọ́ṣíà láti ọdún 1994 sí 1995, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ sórí àga. Eré ìdárayá tí ó ń ṣe lójoojúmọ́ wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Ní òde òní, nǹkan bí wákàtí méjì lóòjọ́ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Iṣan tètè máa ń padà bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n egungun a máa pẹ́, ti àwọn mìíràn kì í sì í padà tán.

Òfurufú tí kò ní ìwúwo rárá ni gbogbo èyí ti wá, èyí tó yàtọ̀ sí ibùgbé tí òòfà rẹ̀ kéré. Ènìyàn méjìlá péré ló ti tẹ ilẹ̀ Òṣùpá, àwọn tó sì pẹ́ jù níbẹ̀, ìyẹn àwọn ti ọkọ̀ Apollo 17 ti Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 1972, kò ju nǹkan bí wákàtí 75 lọ. Nítorí náà, kò tọ́ kí ènìyàn kàn fi iye oṣù ṣe ìsọdipúpọ̀ àdánù eegun kó sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ti olùgbé Mársì yóò rí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Èyí tó dájú ni pé ìrìn-àjò láti Mársì wá sílé yóò gba ọ̀pọ̀ oṣù láìsí ìwúwo, tí ọkọ̀ bá sì ń wọ inú afẹ́fẹ́ Ayé, ẹrù tó máa ń wà lára èrò inú rẹ̀ a pọ̀ ju ìwúwo ilé lọ ní ìlọ́po mélòó kan. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi dábàá ọkọ̀ tí yóò máa yí bí òkòtó, kí yíyí náà lè dípò òòfà, kí ara sì ti máa kọ́ ìwúwo lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí sí ọ̀hún tún yàtọ̀, kò tilẹ̀ yẹ kí a pe tiwọn ní ìpadàbọ̀. Egungun àgbàlagbà ti lágbára lórí Ayé kó tó lọ, ó sì ní ohun tí yóò padà sí. Egungun ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Mársì kò tíì gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kò tíì fa ẹ̀jẹ̀ gòkè lòdì sí òòfà tó tó ti Ayé. Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ Ayé, ara tó ń tẹ̀ 27 lórí òṣùwọ̀n nílé rẹ̀ yóò tẹ̀ 70.