Ọlọ́pàá mú ọmọ ọdún 15 l'Ékòó, wọ́n ní ọ̀dọ̀ wẹ́lífíà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, ló ń lọ: kí ni wọ́n máa fi ọmọ ṣe níbẹ̀?

Ìbéèrè: Wọ́n ní ọmọ àbúrò mi jí fóònù, ọlọ́pàá sì ti mú un. Ṣé ẹ̀wọ̀n ló ń lọ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003, tí Èkó ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2007, ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Wọn ò gbọ́dọ̀ sọ ọmọdé sẹ́wọ̀n, wọn ò gbọ́dọ̀ nà án ní pàṣán, ẹjọ́ ikú ò sì sí fún un. Kóòtù ìdílé ló máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹ tètè mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ sí tẹ́ṣàn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé wọ́n á kọ ọdún 18 síwájú orúkọ ọmọ, àárín àwọn àgbà ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sì máa bá ara rẹ̀.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ wo gan-an ni àwọn wẹ́lífíà ń ṣe?

Ìdáhùn: Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n kàn ń ṣọ́ ọmọ burúkú ni. Ìwádìí ni olórí iṣẹ́ wọn. Kí adájọ́ tó sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ máa já sí, òfin ní kí òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà lọ wádìí ilé tó ti jáde wá àti ohun tó sún un débẹ̀, kó sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí kóòtù. Á délé yín. Á fẹ́ rí ibi tí ọmọ ń sùn, á béèrè ẹni tó ń fún un lówó oúnjẹ, á yà sí ilé ìwé wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ́jísítà. Ẹ má bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ nítorí ojú ayé. Bí bàbá bá ti kó jáde láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ sọ ọ́, torí ìwé yẹn ni adájọ́ máa wò.

Ìbéèrè: Kí ni adájọ́ lè wá pa láṣẹ?

Ìdáhùn: Ó lè dá ẹjọ́ nù. Ó lè ní kí òbí san owó gbà-má-bínú fẹ́ni tó ni fóònù, tàbí kí ọmọ ṣiṣẹ́ ìlú. Ó sì lè dá a padà sílé, kí òṣìṣẹ́ wẹ́lífíà máa bẹ̀ ẹ́ wò. Lójú tèmi, èyí ló sàn jù fún ọmọ tó ṣì ní ẹni tó lè gbà á mọ́ra.

Ilé àtúnṣe ló yẹ kó kẹ́yìn. Ti ọkùnrin wà ní Orẹ́gùn àti Ìṣẹrí, ti obìnrin wà ní Ìdí-Àràbà. Wọ́n ń kàwé níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má fi wọ́n wé Borstal, ilé àtìmọ́lé fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ sófin, tó wà ní Abẹ́òkúta: ìjọba àpapọ̀ ló ni ìyẹn, àwọn ọ̀dọ́ láti ọdún 16 ló wà fún, ẹnì kan ò sì gbọ́dọ̀ lò ju ọdún mẹ́ta lọ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ẹjọ́ yìí ò ní máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí ayé?

Ìdáhùn: Òfin ní kí fáìlì rẹ̀ wà ní ìpamọ́, kí wọ́n má sì mú un jáde bó bá tún ní ẹjọ́ nígbà tó bá dàgbà. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni gbé orúkọ tàbí àwòrán rẹ̀ jáde pẹ̀lú. Torí náà, bí ẹnì kan ládùúgbò bá ti ju fídíò ọjọ́ tí wọ́n mú un sí WhatsApp, ẹ ní kó yọ ọ́ kíá.